Ibo Ni Okùn Ti Já? Àgbéyẹ̀wò Wàhálà Ìsopọ̀ Nínú Eré Bàálù Ogun Orí Kọ̀ǹpútà

Kí awakọ̀ F-16 inú eré DCS World tó gbéra nílẹ̀, iṣẹ́ ti pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò tan bátìrì, yóò jí ẹ́ńjìnnì, yóò dúró kí ẹ̀rọ atọ́nà tí wọ́n ń pè ní INS mọ ibi tí bàálù wà, yóò gba bọ́ǹbù sábẹ́ apá, yóò wá rọra wakọ̀ dé ojú ọ̀nà ìgbéra. Tó bá wá gòkè tán, tí ọ̀tá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lójú rédà, tí àwòrán dúró gbagidi, tí ìkéde kékeré kan jáde pé ìsopọ̀ ti já, gbogbo làálàá yẹn ti di òfo. Ìdí nìyí tí àwọn tó fẹ́ràn irú eré yìí kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ ìsopọ̀. Ẹni tí eré bọ́ọ̀lù já mọ́ lọ́wọ́ á bẹ̀rẹ̀ òmíràn lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí bàálù já mọ́ lọ́wọ́ á padà sídìí bátìrì.

Àmọ́ bí ẹ bá bi márùn-ún nínú wọn léèrè ohun tó fà á, ẹ múra àtigbọ́ ìdáhùn márùn-ún. Ọ̀kan á ní kí ẹ lọ ṣí pọ́ọ̀tì lára ráútà. Òmíràn á ní fáìlì yín ló bàjẹ́. Ẹ̀kẹta á bi yín bóyá Wi-Fi lẹ ń lò. Ẹ̀kẹrin á ní kí ẹ pa antivirus. Ẹ̀karùn-ún á ní kí ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, server ni kò dáa. Kò sí òpùrọ́ nínú wọn. Oníkálukú ti rí ibi tí oògùn tirẹ̀ ti jẹ́, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kí àríyànjiyàn náà má lópin, nítorí pé ọ̀pọ̀ àrùn ló ń jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo.

Lójú tèmi, ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú gbogbo ìdáhùn wọ̀nyí: ìgbà wo ni okùn náà já? Ṣé orúkọ server kò tilẹ̀ hàn nínú àkójọ ni? Àbí ó hàn, ṣùgbọ́n ó lé èèyàn padà lẹ́nu ọ̀nà? Àbí ó gba èèyàn wọlé, ó wá já nígbà tí máàpù ń wọlé? Àbí èèyàn ti wà lójú ọ̀run kí bàálù àwọn tó kù tó bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá níbí tí wọ́n ń yọ lọ́hùn-ún? Àwọn èrò tó wà nílẹ̀ rèé, bí ẹ ti ń kà á, ẹ máa wo èwo nínú ìgbà mẹ́rin yìí ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ̀ nípa rẹ̀.

Àwọn tó ní ráútà ni

Èrò yìí ló pẹ́ jù nílẹ̀. Láti ìgbà tí IL-2 Sturmovik ti jáde ní 2001 ni wọ́n ti ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbàlejò pé kó ṣí pọ́ọ̀tì 21000 fún UDP. Ti DCS World, tí ilé-iṣẹ́ Eagle Dynamics ń ṣe, ni 10308, fún TCP àti UDP pa pọ̀. Falcon BMS, tí àwọn olólùfẹ́ eré gbé ka orí Falcon 4.0 tí MicroProse gbé jáde ní 1998, ń lo àwọn pọ́ọ̀tì UDP tó bẹ̀rẹ̀ láti 2934.

Bí nǹkan ṣe rí ni pé ráútà ilé ní àdírẹ́sì kan níta, ó sì ń pín àdírẹ́sì abẹ́lé fún àwọn ẹ̀rọ inú ilé. Àwọn àdírẹ́sì abẹ́lé yìí, bí èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168 tàbí 10, ni ìwé ìlànà RFC 1918 ti yà sọ́tọ̀ láti 1996. Tí ẹ̀rọ inú ilé bá ránṣẹ́ jáde, ráútà á rántí ẹni tó rán an, á sì dá èsì padà fún un. Iṣẹ́ tó bá ti ìta wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú ilé béèrè rẹ̀, ráútà kò mọ ẹni tí yóò fi lé lọ́wọ́, nítorí náà á sọ ọ́ nù. Ẹni tó ṣí pọ́ọ̀tì ń sọ fún ráútà pé ohunkóhun tó bá dé sí 10308, kọ̀ǹpútà kan pàtó ni kó gbé e fún.

Fún ẹni tó gbé server sílé, kò sí èrò tó lágbára tó èyí. Bí òun bá lè wọlé ṣùgbọ́n tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò lè wọlé, ìdí ráútà ni kó kọ́kọ́ lọ. Ọ̀fìn kan wà níbẹ̀ ṣá o. Ọ̀pọ̀ ráútà kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ inú ilé jáde kó tún gba àdírẹ́sì ìta ilé kan náà padà wọlé. Onílé tó bá fi àdírẹ́sì ìta ara rẹ̀ dán server rẹ̀ wò lè rí ìkéde pé kò sí ọ̀nà, kó máa tú gbogbo ètò ráútà palẹ̀, nígbà tí àwọn ará ìta ti ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. 127.0.0.1, àdírẹ́sì tí kọ̀ǹpútà fi ń pe ara rẹ̀, ló yẹ kí òun fi wọlé. Ẹlòmíràn tó wà níta ni kó bá a dán ti ìta wò.

Ibi tí èrò yìí ti ń ṣìnà ni ọ̀rọ̀ àlejò. Ẹni tó kàn fẹ́ wọ server DCS kò nílò láti ṣí pọ́ọ̀tì kankan, nítorí òun ló kọ́kọ́ ránṣẹ́, ráútà rẹ̀ ti mọ̀ pé èsì ń bọ̀. Síbẹ̀ ìmọ̀ràn kan náà ni wọ́n ń fún un. Mo rò pé Falcon ló dá èyí sílẹ̀: nínú ìyẹn, kọ̀ǹpútà àwọn awakọ̀ ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní tààrà, nítorí náà ẹnu ọ̀nà àlejò náà lè di ìṣòro. Àgbà ọ̀jẹ̀ inú Falcon tó bá gbé ìmọ̀ yẹn wá sí DCS kò parọ́, ilé onílé ló ti ń sọ ọ́.

Ìṣòro tó tún ju ìyẹn lọ ni pé ráútà tó wà nílé lè má jẹ́ ráútà tó ń dínà. Ní oṣù kejì ọdún 2011, àjọ IANA pín ìdìpọ̀ àdírẹ́sì IPv4 tó kẹ́yìn tán. Àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo, nígbà tó sì di oṣù kẹrin ọdún 2012, wọ́n ya àwọn àdírẹ́sì láti 100.64 dé 100.127 sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí, tí a mọ̀ sí CGNAT. Ẹ wo àdírẹ́sì WAN, ìyẹn ti ìta, lójú ìwé ráútà yín. Tó bá bọ́ sáàárín ìwọ̀nyí, ẹ lè ṣí pọ́ọ̀tì títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ilẹ̀kùn tó tì wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́, kò sí lọ́dọ̀ yín. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lo dátà fóònù ní Nàìjíríà wà lábẹ́ èyí, bẹ́ẹ̀ náà ni oníbàárà Starlink lásán, tó dé Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2023. Ẹni tó fẹ́ gbàlejò láti Ìbàdàn lórí irú ìlà bẹ́ẹ̀ á kúkú yá server lókè òkun, tàbí kó lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdáni bíi Hamachi, tó ti wà láti 2004, tàbí ZeroTier.

Ọ̀nà kẹta kan wà tí wọn kì í sọ tó. Ní 2005, Bryan Ford, Pyda Srisuresh àti Dan Kegel kọ̀wé nípa bí ẹ̀rọ méjì tó wà lẹ́yìn ráútà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe lè pàdé: ẹ̀rọ kẹta á sọ àdírẹ́sì ìkíní fún ìkejì, àwọn méjèèjì á wá ránṣẹ́ síra wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àyàfi tí ráútà bá jẹ́ irú èyí tó ń pààrọ̀ pọ́ọ̀tì fún gbogbo ẹni tí ó bá ń bá sọ̀rọ̀. Ní ti àwọn tó ń gbani níyànjú pé kí èèyàn kúkú gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí DMZ, kí gbogbo pọ́ọ̀tì ṣí sílẹ̀ gbayawu, n kò sí lẹ́yìn wọn. Ewu tó wà níbẹ̀ ju eré lọ.

Àwọn tó ní fáìlì ni

Èrò yìí kò bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì wí rárá. Ohun tó ń sọ ni pé ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà àlejò kò bá ti server mu, server sì lé e.

Ẹ̀rí rẹ̀ pọ̀ nínú DCS. Bí ẹ̀dà eré bá yàtọ̀ síra, kò sí wíwọlé. Ní ọjọ́ tí àtúnṣe tuntun bá jáde, àwọn server tí olówó wọn kò tíì tún ṣe á ṣófo fún wákàtí mélòó kan, àwọn èèyàn á sì máa yẹ ráútà wò lásán. Bí èèyàn kò bá ra máàpù Síríà, kò lè wọ server tó ń lò ó. Máàpù Caucasus àti Marianas ni ọ̀fẹ́. Olówó server tún lè ní òun kò fẹ́ fáìlì tí wọ́n tún ṣe: ètò wà tó ń fi dandan lé e pé kí àwọ̀ ara bàálù, àwòrán rẹ̀, ìwé àṣẹ Lua àti eré fúnra rẹ̀ wà bí wọ́n ṣe ti ilé-iṣẹ́ jáde. Ẹni tó fi mod kan ṣoṣo sí i láti yí àwọ̀ kọ́kípìtì padà lè rí i pé server tó gba òun lánàá kò gba òun mọ́ lónìí.

Ohun tó mú kí n ka èrò yìí kún ni pé ó ṣeé fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ láìsí àfọ̀ṣẹ. Nínú fódà Saved Games, lábẹ́ DCS, fódà kan wà tó ń jẹ́ Logs, fáìlì dcs.log sì wà níbẹ̀. Ẹ ṣí i kété tí okùn bá já, kí ẹ tó tún eré tàn, kí ẹ sì kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ọ̀rọ̀ tó wà ní ìlà tó kẹ́yìn wúlò ju ìkéde tó hàn lójú eré lọ, nítorí ó ń fi wákàtí síwájú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá rí orúkọ fáìlì níbẹ̀ ti mọ ibi tí yóò lọ. Ẹni tó bá rí pé eré náà fúnra rẹ̀ ló kú ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ìsopọ̀ rárá.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣàṣejù ni oògùn tí wọ́n ń júwe. Àtúnṣe tí DCS_updater ń ṣe, tó ń fi fáìlì wéra tó sì ń gba èyí tó yàtọ̀ padà, dára. Sísọ gbogbo fódà Saved Games ní orúkọ mìíràn kí eré dá tuntun sílẹ̀ dára pẹ̀lú, torí pé ẹ lè dá ti àtijọ́ padà. Ṣùgbọ́n kí èèyàn yọ eré tó lè ju 200 GB lọ kúrò, kó tún un gbà lórí dátà tó ń ra, nítorí pé server kan lé e? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Pípa fódà fxo àti metashaders2 rẹ́ náà ti di orin ẹnu wọn. Ọ̀rọ̀ àwòrán ojú eré ló wà nínú àwọn fódà yìí, kò kan ìsopọ̀. Tí ó bá tilẹ̀ wo ohunkóhun sàn, eré tó ń kú ló wò sàn, tí èèyàn pè ní okùn tó já.

Fáìlì mọ ìgbà kejì, ìyẹn ẹnu ọ̀nà, dáadáa, ó sì mọ díẹ̀ nípa ìgbà kẹta. Ẹni tó ti fò fún ogójì ìṣẹ́jú kó tó já, kò ní nǹkan púpọ̀ láti sọ fún un.

Àwọn tó ń wọn okùn

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀ jù, ibẹ̀ náà sì ni àṣìlóye ti pọ̀ jù. Àwọn wọ̀nyí ń wo ping: iye àkókò tí ìsọfúnni fi lọ tó sì fi bọ̀, tí wọ́n ń fi mílísẹ́kọ́ǹdù kà.

Ìpín kan nínú ping kò ní oògùn. Ìmọ́lẹ̀ inú okùn fiber ń sáré tó nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Okùn abẹ́ òkun MainOne, tó dé Èkó láti Pọ́túgà ní 2010, gùn tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà. Tí kò bá sí ohun mìíràn tó dá a dúró rárá, lílọ àti bíbọ̀ lórí okùn náà nìkan á gba 70 mílísẹ́kọ́ǹdù, kó tó di pé ó rìn lórí ilẹ̀ láti Pọ́túgà dé server tó wà ní Frankfurt. Ará Èkó tó bá rí ping tó ju 100 lọ kò ṣàìsàn. Ibi tó ń gbé ló rí. Àwọn okùn náà sì ń já lóòótọ́: ní March 14, 2024, MainOne, WACS, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sì dà rú. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ètò orí kọ̀ǹpútà tó lè gba èèyàn.

Ṣé ping gíga ló ń ba eré jẹ́ lóòótọ́? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Bàálù tó ń sáré 900 kìlómítà ní wákàtí ń rin mítà 250 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí ìsọfúnni nípa rẹ̀ bá pẹ́ tó 200 mílísẹ́kọ́ǹdù kó tó dé, bàálù náà ti fi mítà 50 kúrò níbi tí ẹ gbọ́ pé ó wà. F-16 kò gùn ju nǹkan bíi mítà 15 lọ, nítorí náà ó dà bíi pé ìbọn kankan kò ní bà á.

Ṣùgbọ́n eré kì í fi bàálù síbi tí ó gbọ́ kẹ́yìn. Ó ń fojú bu ibi tí yóò ti dé, ó ń fi eré sísá àti ìhà tó kọjú sí ṣírò. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́: ọwọ́ àwọn ológun Amẹ́ríkà ló ti wá, láti inú ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ SIMNET ti àwọn ọdún 1980, ó sì wọ inú ìlànà IEEE 1278 ní 1993. Tí bàálù bá ń fò gbọọrọ, mítà 50 yẹn parẹ́. Àṣìṣe kì í wá àyàfi tí awakọ̀ bá yí ọwọ́ padà. Ká ní ó fi agbára 9G ṣẹ́ kọ́nà lójijì. Láàárín 200 mílísẹ́kọ́ǹdù, kò tíì yà tó mítà méjì kúrò ní ojú ọ̀nà tí eré fojú bù. Tí ìsọfúnni bá wá dáwọ́ dúró pátápátá fún ìṣẹ́jú àáyá kan gbáko, ìyàtọ̀ náà á di nǹkan bíi mítà 44. Nígbà tí ìsọfúnni bá tún dé, eré á gbé bàálù náà láti ibi àfojúbù sọ síbi tó wà gan-an, ẹ̀yin á sì rí i tó pòórá tó sì tún yọ.

Ìṣírò yìí ló jẹ́ kí n gbà pé ọ̀pọ̀ wọn ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ìlà tó ní ping 250 tí kò sì yẹ̀ dára fún ogun ojú ọ̀run ju ìlà ping 60 tó ń sọ ìsọfúnni nù lójú ọ̀nà lọ. UDP, tí wọ́n ti ń lò láti 1980, kì í tún ohun tó sọnù rán. Ohun tó bá sọnù ti sọnù nìyẹn.

Kí ló wá ń fa irú àlàfo bẹ́ẹ̀ nínú ìsọfúnni? Wi-Fi lórí 2.4 GHz, tí ti àwọn aládùúgbò ń dí lọ́wọ́, wà lára rẹ̀, ó sì ṣeé dán wò pẹ̀lú wáyà kan ṣoṣo láàárín kọ̀ǹpútà àti ráútà. Èyí tí wọn kì í fura sí ni ráútà tó ń to ìsọfúnni jọ ju bó ti yẹ lọ, tí Jim Gettys sọ di mímọ̀ ní nǹkan bí 2010 lábẹ́ orúkọ bufferbloat. Bí ẹnì kan nínú ilé bá ń fi fídíò ránṣẹ́ sókè, ìsọfúnni eré á tò sẹ́yìn tirẹ̀, ping á sì fò láti 120 lọ sí 900. Kathleen Nichols àti Van Jacobson gbé ìwòsàn kan jáde ní 2012, CoDel, ẹ̀dà rẹ̀ tó ń jẹ́ fq_codel sì di ìlànà RFC 8290 ní 2018. Ráútà tó bá ní in, tí wọ́n sì tò ó bó ṣe yẹ, lè yí eré padà ju ìlà olówó gọbọi lọ. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé kí ẹ máa pe ping síta nígbà tí nǹkan ńlá kan ń gòkè, kí ẹ wo bóyá ó fò.

Àìlera àwọn awọnkùn ni irinṣẹ́ wọn. Àṣẹ ping àti tracert ń lo ICMP, kì í ṣe UDP tí eré ń lò, àwọn ráútà ojú ọ̀nà sì lè fi èsì ICMP sẹ́yìn nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀. Tí tracert bá fi hàn pé ìsọfúnni ń sọnù ní ibùdó kẹfà ṣùgbọ́n tí gbogbo rẹ̀ dé ibùdó tó kẹ́yìn láìdín, ibùdó kẹfà kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Mélòó ni ìwé ẹ̀sùn tí wọ́n ti kọ sí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì lórí irú ìlà bẹ́ẹ̀!

Àwọn tó fura sí ẹ̀ṣọ́

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Firewall inú Windows ń ya nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí ti gbogbo èèyàn àti ti àdáni. Ẹni tó bá tẹ bọ́tìnnì àìgbà nígbà tí eré kọ́kọ́ béèrè àyè, tàbí tó gba àyè fún ọ̀kan tó wá bá ara rẹ̀ lórí èkejì, lè rí i pé server òun kò ṣeé wọ̀ láti ìta. Antivirus náà máa ń fura sí fáìlì eré lẹ́yìn àtúnṣe tuntun, á sì gbé e pamọ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó dára nínú èrò yìí ni pé ó yá láti dán wò. Ohun tí kò dára ni bí wọ́n ṣe ń dá a lábàá: kí èèyàn pa ẹ̀ṣọ́ pátá, kó gbàgbé láti tan án padà. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ṣọ́ ló fà á lóòótọ́, fífi fódà eré sínú àwọn tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn ti tó.

VPN wà láàárín èrò yìí àti ti ráútà. Ó lè gba ẹni tó wà lábẹ́ CGNAT sílẹ̀, ó sì lè gba ọ̀nà tó dára ju èyí tí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì yàn lọ. Ó tún lè mú ọ̀nà gùn. Ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó.

Àwọn tó dá server lẹ́bi

Àwọn tó ń gbàlejò kì í fẹ́ gbọ́ èyí, ṣùgbọ́n ẹ̀rí wà. Ìlà lè mọ́ bí omi àfòwúrọ̀pọn, kí server fúnra rẹ̀ má rí àyè sọ̀rọ̀. Nínú mission DCS tó tóbi, server ló ń darí àwọn ọmọ ogun tí kì í ṣe èèyàn: táǹkì, ọkọ̀ ojú omi, ìbọn ajabàálù, bàálù kọ̀ǹpútà. Ó tún ń ka ìwé àṣẹ Lua, tí àwọn akọ̀wé mission máa ń gbé ka orí àkójọ irinṣẹ́ bíi MOOSE tàbí MIST. Tí ìwé àṣẹ kan bá pinnu láti yẹ gbogbo ọmọ ogun wò lẹ́ẹ̀kan náà, server á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, bàálù gbogbo èèyàn á sì fò lójú ara wọn. Lójú ẹni tó wà níta, kò yàtọ̀ sí ìlà tó bàjẹ́.

Eagle Dynamics gbé server àdáni jáde ní 2019, tí kì í ya àwòrán, kí ẹni tó ń gbàlejò má bàa máa fi kọ̀ǹpútà kan náà fò kó tún fi gba àlejò. Ó mú ẹrù kúrò, kò mú gbogbo rẹ̀ kúrò.

Ọ̀nà láti mọ èyí yàtọ̀ kò le: ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó kù. Bí ará Jámánì, ará Kánádà àti ará Èkó bá rí i tí bàálù dúró ní ìṣẹ́jú kan náà, server ni. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá rí i, òun ni. Mo mọ̀ pé ó rọrùn ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n ó ń já àwọn èrò yòókù sí méjì láìgba ju ìbéèrè kan lọ, ó sì yà mí lẹ́nu bí ó ṣe ṣọ̀wọ́n tó pé kí ẹnikẹ́ni béèrè.

Lábẹ́ èrò yìí ni ọ̀rọ̀ server àgbà tó ń gba orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà wà. Bí ìyẹn bá dákẹ́, àkójọ á ṣófo, kò sí ohun tí ẹni tó wà nílé lè ṣe, àyàfi kó fi àdírẹ́sì IP wọlé ní tààrà níbi tí eré bá ti gbà á. Ó tún lè dákẹ́ títí láé. Nígbà tí GameSpy ti iṣẹ́ rẹ̀ pa ní May 31, 2014, ọ̀pọ̀ eré pàdánù àkójọ server wọn lọ́jọ́ kan náà. IL-2 àtijọ́, tí àdírẹ́sì IP nìkan tó láti fi wọ̀ ọ́, kò gbára lé irú ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀.

Ohun tí kò tíì yanjú

Àkọ́kọ́ ni ẹ̀rí ta ni kí eré gbà. Ní kọ̀ǹpútà ẹni tó yìnbọn, ọta bà. Ní kọ̀ǹpútà ẹni tí wọ́n yìnbọn sí, ó ti yà kúrò. Àwọn kan fẹ́ kí eré gba ẹ̀rí ayìnbọn, nítorí ohun tó rí ló yìn sí. Ìyẹn ń jẹ́ kí ẹni tó ti sá bọ́ kú. Àwọn mìíràn fẹ́ kí server dá ẹjọ́. Ìyẹn ń fi ìyà jẹ ẹni tó wà lọ́nà jíjìn. Ìṣírò mítà méjì àti mítà 44 òkè yẹn kò yanjú rẹ̀, nítorí apá bàálù kò fẹ̀ ju mítà mélòó kan lọ, mítà méjì sì lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ikú àti ìyè nínú ìjà ìbọn. Fún mísáìlì tó ń bú nítòsí bàálù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má já mọ́ nǹkan. Ó ṣeé ṣe kí ìdáhùn kan má bá ohun ìjà méjèèjì mu.

Èkejì ni òté ping. Àwọn olówó server kan ń lé ẹni tí ping rẹ̀ bá kọjá iye kan, wọ́n ní ó ń ba eré jẹ́ fún àwọn tó kù. Bí ìṣírò òkè yẹn bá tọ̀nà, àlàfo ni wọn ì bá máa wọ̀n, kì í ṣe ìjìnnà, àwọn tó wà ní Èkó tàbí Sydney kò sì ní máa jìyà ibi tí wọ́n bí wọn sí. Ṣùgbọ́n àlàfo ṣòro wọ̀n ju ping lọ, ẹni tí ìlà rẹ̀ jìnnà sì ń kọjá ní ibi púpọ̀ tí àlàfo ti lè wọlé. Àwọn olówó server náà ní àwíjàre.

Ẹ̀kẹta ni IPv6, tó ní àdírẹ́sì tó gbogbo ẹ̀rọ ayé tí kò sì nílò CGNAT. Àwọn kan ní yóò pa èrò ráútà rẹ́. Ó lè mú ìdènà àdírẹ́sì kúrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n firewall ráútà ṣì lè ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò, eré àti server àti ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì sì gbọ́dọ̀ gbà á ní gbogbo ìhà kó tó wúlò.

Èyí tó kẹ́yìn ni ìkéde tí eré ń gbé jáde nígbà tí okùn bá já. Àwọn tó ń ṣe eré mọ ìgbà tó já, dcs.log sì mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Kí ló dé tí ojú eré kò fi lè sọ ọ́: pé àkókò kọjá nígbà tí máàpù ń wọlé, pé fáìlì báyìí ni server kọ̀, pé ìsọfúnni kò dé fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan? Àwọn kan ní ó ń fún àwọn onírẹ́jẹ ní ọ̀nà láti mọ ohun tí server ń yẹ̀ wò. Ìyẹn lè jẹ́ òótọ́ fún orúkọ fáìlì. N kò rí bó ṣe lè jẹ́ òótọ́ fún àwọn méjì tó kù.